Kànga Ọba àti Ìlú tí Kò Mọ̀ Ju Ọpẹ́ Lọ

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó tètè wú u. Ẹni tí ọmọ ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀, kó sọ̀ ọ́ kó fún un lọ́mú, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí à ń fi etí kan gbọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Èmi ni mo pa ẹfọ̀n tó sé ọ̀nà oko mọ́ gbogbo yín. Èmi ni mo sùn sínú ihò àpáta pẹ̀lú erè, tí ilẹ̀ fi mọ́, tí erè náà sì yà fún mi kí n kọ́kọ́ jáde. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí Ọdẹ́níyì ọmọ Akínṣípẹ̀ sọ ìtàn yìí fún mi, orí mi wú, mo sì bojú wẹ̀yìn kí n tó mí. Kí Olúwa tó dá ẹnu, tó fi ahọ́n sínú rẹ̀, jẹ́ kí n lè sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an.

Ẹ ṣeun fún àmín yẹn. Ó dún dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ máa rọra ṣe é, ẹ ó rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ọdẹ́níyì! Arìngbẹ̀rẹ́ inú igbó dúdú, ọkùnrin tí ewé gbígbẹ ń dákẹ́ fún. Ọmọ Akínṣípẹ̀ tí ń wo ilẹ̀ tó fi ń mọ ẹran tó kọjá, tó ń mọ ohun tí ẹran náà jẹ, tó tún ń mọ̀ bóyá inú ń run ún. Òun ni ọdẹ tí mò ń wí. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo ló sì fi sílẹ̀ fún un, Àwẹ̀ró, tó ti lọ sílé ọkọ ní Ẹ̀bádò, níkọjá igbó ńlá.

Ọba Adégbàmígbé ló wà lórí oyè ní Àpáta-Ràbàtà nígbà náà. Ọba yìí kì í ṣe ọba burúkú o. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Nígbà tó gbọ́ pé sòbìà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹsẹ̀ gbogbo ará Ẹ̀bádò tán nítorí omi odò tí wọ́n ń mu, oorun kò kun ojú rẹ̀ mọ́. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ kànga fún wọn, kànga tó jìn, tí wọ́n fi òkúta gbígbẹ́ mọ ẹnu rẹ̀ yípo. Ó pè é ní iṣẹ́ ìdàgbàsókè. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, gbogbo wa la lọ, a jó, a yó, a gbàdúrà, a padà sílé.

Ọba wá fẹ́ gbẹ́ irú rẹ̀ fún gbogbo ìletò tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá èyí tó ti gbẹ́ ṣe wọ́n láǹfààní. Ló bá rán Lágbàyí, ẹmẹsẹ̀ tó fẹ́ràn jù, ọkùnrin ẹlẹ́nu dídùn kan tí ẹ̀rín kì í wọ́n nílé rẹ̀.

Lágbàyí lọ, ó sì bọ̀.

"Lágbàyí, báwo ni wọ́n?" Ọba bi í.

"A dúpẹ́," ni Lágbàyí wí.

"Omi náà ńkọ́?"

"A dúpẹ́."

Inú àwọn ìjòyè dùn, wọ́n dìde, wọ́n ń jó. Ṣùgbọ́n nígbà tí Lágbàyí délé, tí ìyàwó rẹ̀ bi í bóyá iyán ni yóò jẹ tàbí ẹ̀kọ, "A dúpẹ́" ló fi dá a lóhùn. Omi gbígbóná dà sí i lẹ́sẹ̀, ara rẹ̀ bó, ó wo ìyàwó rẹ̀ lójú, ó ní, "A dúpẹ́." Láti ọjọ́ náà lọ, kò sọ nǹkan mìíràn mọ́. Ó kàn ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ààfin, tí ń rẹ́rìn-ín, tí ojú rẹ̀ kò sì bá ẹ̀rín náà lọ.

"Kábíyèsí, ẹ ò rí i bí?" ni Ọ̀tún, olórí àwọn ìjòyè, wí. "Oore yín pọ̀ débi pé ọkùnrin náà kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ!"

Ọba kò rẹ́rìn-ín. Ó ránṣẹ́ pe Ọdẹ́níyì.

"Ọdẹ́níyì, ọmọ rẹ obìnrin wà ní Ẹ̀bádò, àbí?"

"Àwẹ̀ró ni, Kábíyèsí. Ṣówándé ló fẹ́ ẹ. Kò wá bá mi ṣe ọdún Ògún tó kọjá, kò sì ránṣẹ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀."

"Lọ wo iṣẹ́ mi fún mi. Má ṣe bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ràn mi. Ìyẹn ti sú mi. Mo fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn nítorí kànga yẹn, àti ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní n kò gbẹ́ ẹ rárá."

"Bí ohun tí mo bá rí kò bá dára ńkọ́, Kábíyèsí?"

"Wá sọ ọ́," ni ọba wí. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ló ń wò nígbà tó ń sọ ọ́, kì í ṣe ojú ọdẹ.

Ọdẹ́níyì gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó ki ara rẹ̀, ó bẹ Ọlọ́run, ó kọrí sí Ẹ̀bádò. Igbó tó wà láàárín ni wọ́n ń pè ní Igbó Ìbáṣepé. Ọ̀sán gangan ló wọ ibẹ̀, àkókò tí òjìji ènìyàn máa ń ká jọ sábẹ́ ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n òjìji tirẹ̀ kò ká jọ. Ó nà gbọọrọ síwájú rẹ̀ bí ẹni pé oòrùn ń wọ̀, ó sì yà sọ́wọ́ òsì nígbà tí Ọdẹ́níyì fúnra rẹ̀ yà sọ́tùn-ún.

Ó wo ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ipasẹ̀ ara rẹ̀ ló rí. Ó mọ ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wọ́. Ipasẹ̀ náà wà níbi tí kò dé rí: ó gba abẹ́ igi kan lọ, ó dúró lẹ́bàá àpáta, ó tún bá ipasẹ̀ obìnrin kan rìn lọ pẹ́kípẹ́kí. Ìyàwó rẹ̀ ló ni ipasẹ̀ kejì yẹn. Ìrìn tí àwọn méjèèjì ì bá rìn ni, ká ní ikú kò mú un lọ. Ewéko kò hù sójú rẹ̀, ó ṣì tutù bíi pé àná ni wọ́n kọjá.

"Olúwa, mú mi kọjá," ni Ọdẹ́níyì wí, ó sì gbé ojú kúrò nílẹ̀. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún ọdẹ? Ó dà bí ìgbà tí alágbẹ̀dẹ gbé ojú kúrò lára irin gbígbóná.

Nígbà tó gbé ojú sókè, iwin kan jókòó sáàárín ọ̀nà. Ara rẹ̀ dà bí èèpo igi, ó ga bí àká, ẹ̀yìn ló kọ sí Ọdẹ́níyì, ṣùgbọ́n ní ẹ̀yìn orí rẹ̀ náà ni ojú rẹ̀ wà. Olójú-Ẹ̀yìn ni wọ́n ń pè é. Ó ń pa ẹ̀gúsí. Ó ń pa á, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, ó ń da èèpo nù, ó ń mú òmíràn.

"Ọdẹ," ló wí, "níbo lò ń lọ tó o ń yọ́ rìn bí ẹni tó jí ìkòkò ọbẹ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ gbé? Àbí o ò lọ́kọ?"

"Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. Ọkùnrin ni mí, mo sì ti jẹun. Ẹ̀bádò ni mò ń lọ."

"Ẹ̀bádò wo? Èyí tó wà, àbí èyí tí ì bá wà?"

"Ṣé méjì ni?"

Iwin náà rẹ́rìn-ín, igi gbogbo mì. "Àwọn tó ń tọ̀nà yìí kọjá kì í mọ̀. Wọ́n á rí ọ̀kan, wọ́n á ní àwọn ti rí gbogbo rẹ̀. Gbọ́ àlọ́ mi. Àgbẹ̀ kan gbin iṣu. Òjò rọ̀ sí i. Ọba wá jó lórí ebè náà. Iṣu ta, ó tóbi bí orí ẹfọ̀n. Ọba ní ijó òun ló mú un ta. Òjò ní òun ni. Àgbẹ̀ ní ọwọ́ òun ni. Ta ló mú iṣu ta? Bí o bá gbà á, kọjá. Bí o bá ṣì í, jókòó tì mí."

Ìgbà náà ni Ọdẹ́níyì rí i pé òun nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú iwin. Àwọn èèyàn jókòó káàkiri abẹ́ igi, tí wọ́n ń pa ẹ̀gúsí òfìfo, tí irun orí wọn ti di gbòǹgbò, tó ti wọnú ilẹ̀ lọ. Ọ̀kan lára wọn ṣì dé fìlà ìjòyè. Kò dákẹ́ lẹ́nu. "Ijó náà ni," ló ń wí, "ijó náà ni, mo wà níbẹ̀, ojú mi báyìí ló ṣe."

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ǹ bá ti dáhùn kí iwin náà tó pa ẹnu dé. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ló bi. Ọdẹ́níyì sọ ìdí ìbọn kalẹ̀, ó ronú títí òógùn fi bo iwájú orí rẹ̀. Ó wá ní:

"Ẹ̀yin àgbà, mi ò lè mọ̀ ọ́n láti inú oko kan ṣoṣo. Ẹ fi oko aládùúgbò rẹ̀ hàn mí, èyí tí òjò kan náà rọ̀ sí, tí àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ bíi tirẹ̀ ro, ṣùgbọ́n tí ọba kò jó níbẹ̀. Iṣu tí mo bá rí níbẹ̀ ni yóò dá mi lóhùn."

Iwin náà dáwọ́ ẹ̀gúsí dúró. Ọrùn rẹ̀ dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó yí orí padà títí ojú rẹ̀ fi kúrò lẹ́yìn, tó wà síwájú bíi ti ènìyàn, ó sì burú jùyẹn lọ.

"Kọjá," ló wí. "Ṣùgbọ́n oko aládùúgbò ni wàá kọ́kọ́ gbà kọjá. Má ṣe jẹ nǹkan níbẹ̀. Má sì ṣe gbé ẹnikẹ́ni jáde níbẹ̀, bó ti wù kó dùn ọ́ tó."

Bí Ọdẹ́níyì ṣe gbé ẹsẹ̀, ó bá ara rẹ̀ ní Ẹ̀bádò. Ó mọ ibẹ̀ dáadáa. Igi àràbà tó wà lẹ́nu ibodè, òun náà nìyẹn. Ògiri pupa ilé baálẹ̀, òun náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n níbi tí kànga ọba yẹ kó wà, koríko ló hù. Àwọn ará ìlú náà dà bí èéfín. Bí wọ́n bá kọjú sí ọ, ènìyàn ni wọ́n; bí wọ́n bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wàá rí ògiri láti ara wọn. Gbogbo wọn ló ń tiro. Sòbìà ń yọ lẹ́sẹ̀ wọn, funfun bí òwú, tí wọ́n rọra wé e mọ́ igi kéékèèké kó má baà já.

Àmọ́ ariwo ìlú náà! Níhìn-ín, àwọn obìnrin méjì ń jà sí ìkòkò. Lọ́hùn-ún, bàbá kan ń bú odò, ó ń bú ẹja inú rẹ̀, ó ń bú òjò tó ń mú un kún. Lẹ́nu ọ̀nà ilé kan tí Ọdẹ́níyì mọ̀, Àwẹ̀ró na ẹsẹ̀ wíwú sílẹ̀, ó ń lé eṣinṣin, ó ń pariwo sínú ilé.

"Ṣówándé! Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti ń kọ ebè, ìwọ dùbúlẹ̀ bí ẹ̀kọ tí wọ́n gbàgbé sínú ewé!"

"Ẹsẹ̀ wo ni kí n fi dìde, ìyàwó mi? Èyí tó wú bí odó yìí?"

"Fi ẹnu kọ ọ́! Ẹnu rẹ kò wú! Ebi la ó jẹ lọ́dún yìí, mo ti wí. Odò burúkú! Àti ọba yẹn, tó jókòó sí Àpáta-Ràbàtà tí ń mu ẹmu!" Ó gbójú sókè. "Ìwọ tó ń wò mí yẹn, ṣé mo jí adìẹ rẹ ni?" Ó tún wò ó. Ojú rẹ̀ yí padà. "Ó mà jọ bàbá mi o."

Ọdẹ́níyì na ọwọ́. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé kó gbé e, kó gbé e kọ́ èjìká bí ìgbà tó wà lọ́mọdé. Ọwọ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ló bá rántí ọ̀rọ̀ iwin. Ó di ẹnu, ó yíjú, ó ń lọ. Àwẹ̀ró bú u títí ó fi jìnnà. Èébú náà gún régé, ó ní orí, ó ní ìrù. Ó dùn ún láti gbọ́ ọ, kò sì fẹ́ kó tán.

Ó gba abẹ́ àràbà jáde. Ẹ̀bádò tòótọ́ ló wọ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Oòrùn ń ràn. Àwọn èèyàn ní òjìji. Ó wo ẹsẹ̀ wọn: gbogbo rẹ̀ dán, gbogbo rẹ̀ tọ́, kò sí sòbìà lẹ́sẹ̀ ẹnì kankan. Ó wo ilẹ̀: ọ̀nà odò ti kún fún igbó, ọ̀nà kànga mọ́ bí àwo. Ebè ga nínú oko. Ó ní, "Kábíyèsí ṣeun! Iṣẹ́ yìí jẹ́." Díẹ̀ ló kù kó padà láti ibẹ̀, kó wá sọ ohun tí gbogbo ààfin ń fẹ́ gbọ́, kí ìtàn mi sì parí síbẹ̀.

Ohun tó dá a dúró ni pé ìlú náà dákẹ́. Kò sí ẹni tó ń lé ewúrẹ́. Kò sí ẹni tó ń jà. Ọmọ ọwọ́ kò sunkún. Gbogbo ohun tó ń dún kò ju bí oyin tó ń kùn nínú ihò igi lọ: *a dúpẹ́, a dúpẹ́, a dúpẹ́.* Nígbà tó sì tún wo ilẹ̀, ó rí i pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé púpọ̀, ilẹ̀ ti ga, ilẹ̀ tuntun, gbọọrọ, ní ìwọ̀n ènìyàn. Àwọn míì kò gùn.

Bàbá arúgbó kan wá pàdé rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún un. "Ẹ kú àná o. Ẹ ṣeun o. A dúpẹ́."

"Ẹ dìde, Bàbá, èmi ló yẹ kí n dọ̀bálẹ̀. Ta ló kú nínú ilé yìí?"

"A dúpẹ́."

Ọmọbìnrin kan kọjá, ẹ̀gún gún un lẹ́sẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tú. Ó jókòó, ó rẹ́rìn-ín sí ẹ̀gún náà. "A dúpẹ́," ló wí fún un.

Wọ́n bu omi fún Ọdẹ́níyì, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe fún àlejò. Igbá funfun, omi tó mọ́ gaara. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ sì gbẹ. Ṣùgbọ́n ó rántí Lágbàyí, pé òun náà á ti gba omi báyìí. Bí ó bá mu ún, ìlú náà yóò ti ẹnu rẹ̀ dúpẹ́ títí ayé. Bí kò bá sì mu ún, ó ti bú wọn nìyẹn. Ló bá kúnlẹ̀, ó ní, "Ní ìdílé wa, ilẹ̀ ló ń kọ́kọ́ mu," ó da díẹ̀ sílẹ̀, ó tún da díẹ̀ sí i, títí igbá fi gbẹ. "Ẹ má bínú. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ lónìí."

"A dúpẹ́," ni wọ́n wí. Ṣùgbọ́n ojú wọn! Ó ní ojú wọn dà bíi ti ẹni tí wọ́n tì mọ́ inú yàrá, tó ń fi ọwọ́ lu ilẹ̀kùn láti inú.

Ó sáré dé ilé Ṣówándé. Ṣówándé jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó sanra, ó le, iṣu kún àká rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń gba àárín ẹ̀rín náà kọjá. Nínú ilé, Àwẹ̀ró nà gbalaja lórí ẹní. Ara rẹ̀ gbóná bí agbada. Ìyá Alágbo, arúgbó tí ń wo àwọn aláìsàn ìlú náà, jókòó tì í láàárín ìkòkò àgbo: àgbo orí, àgbo inú, àgbo ìhà. Ó gbé ọ̀kan, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó gbé òmíràn. Ó fi àgbọ̀n rẹ̀ tọ́ka sí ìkòkò náà, ó tún tọ́ka sí ilẹ̀ tó ga ní ìta. Ọdẹ́níyì gbọ́ ọ yé: àwọn tó wà níta yẹn, àgbo tí kì í ṣe tiwọn ni wọ́n mu.

"Àwẹ̀ró. Ọmọ mi. Bàbá rẹ nìyí. Níbo ló ń dùn ọ́?"

"A dúpẹ́, Bàbá. Ẹ kú àná."

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Fi ọwọ́ tọ́ka sí i."

Ọwọ́ rẹ̀ gbéra. Ó forí lé ara rẹ̀, lójú ọ̀nà ó yí padà, ó lọ bá ọwọ́ kejì, àwọn méjèèjì sì pàtẹ́wọ́ jẹ́jẹ́. Ọdẹ́níyì tẹ orí rẹ̀, ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó tẹ inú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ibi gbogbo tó tẹ̀, ẹ̀rín kan náà ló rí.

Kò dúró gbọ́ òmíràn. Ó sáré lọ sídìí kànga, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kígbe sínú rẹ̀. Òtútù jáde wá bá a lójú ní ọ̀sán gangan.

"Ta ni ń pariwo lé mi lórí?" Ohùn obìnrin ni, ohùn tó gba inú òkúta wá. "Ṣé ìwọ náà wá dúpẹ́ ni? Ọpẹ́ ti kún ilé mi, mi ò ríbi na ẹsẹ̀ sí mọ́."

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ gba ohùn wọn?"

"Èmi kẹ̀! Omi ni mo fún wọn, omi mi sì mọ́. Ọba yín ló dúró lé mi lórí, tó gbé ọ̀pá àṣẹ sókè. Ó ní, 'Láti òní lọ, ẹ kò ní í ráhùn mọ́. Ọpẹ́ nìkan ni yóò máa ti ẹnu yín jáde.' Kí lẹ dá a lóhùn?"

Ọdẹ́níyì rántí. "A ní àṣẹ."

"Ẹ kígbe rẹ̀ débi pé omi mì. Ọba ló wí i, ìlú ló gbà á, kí ni kí n ṣe? Mo gbà á. Gbogbo ìráhùn wọn ló wà lọ́dọ̀ mi níbí. Gbọ́."

Ó ru omi náà. Àwọn ohùn sì gòkè wá bí ìfófòó. *Inú ń run mi. Ọmọ mi kò mu ọmú. Orí mi, orí mi. Ẹ ti ilẹ̀kùn, ara rẹ̀ ń tutù.* Wọ́n ń gun ara wọn lórí. Ohùn Àwẹ̀ró wà níbẹ̀, Ọdẹ́níyì mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n àwọn yòókù bò ó, kò gbọ́ ohun tó ń wí. Ó fi ọwọ́ bo etí.

"Báwo ni yóò ṣe padà?"

"Ẹnu tó gbé e kalẹ̀ ni yóò gbé e mì. Ṣùgbọ́n sọ fún ọba rẹ pé ọpẹ́ náà kò ní í pòórá. Ó ní láti ríbi kan gbé."

Ẹ má bi mí bí Ọdẹ́níyì ṣe dé Àpáta-Ràbàtà. Ó sáré ni. Òógùn ara rẹ̀ kò tíì gbẹ tó fi dọ̀bálẹ̀ láàárín àwọn ìjòyè.

"Ọdẹ, ṣé wọ́n dúpẹ́?" ni Ọ̀tún wí.

"Wọ́n dúpẹ́, Baba. Ẹni tó ń kú lọ́wọ́ ló ń dúpẹ́ jù." Ó yíjú sí ọba. "Kábíyèsí, mo rí ìlú tó wà, mo sì rí èyí tí ì bá wà. Kànga yín ṣiṣẹ́. Ó lé sòbìà lọ, ó fi oúnjẹ sínú àká. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dí i. Àdúrà tí ẹ gbà sórí rẹ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n lè sọ ibi tó ń dùn wọ́n, wọ́n sì ń tibẹ̀ kú. Ọmọ mi náà ti ń lọ."

Ààfin dàrú. "Àdúrà ọba ló wá di èpè?" "Ta ló fún ọdẹ lẹ́mu mu?" "Ẹ mú un!" Ọba gbé ọwọ́ sókè, ó pe Lágbàyí láti ẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Lágbàyí, ṣé irọ́ ni Ọdẹ́níyì ń pa?"

"A dúpẹ́, Kábíyèsí."

"Ṣé òótọ́ ló ń sọ?"

"A dúpẹ́."

Ohùn ọba rẹlẹ̀. "Bí mo bá ní kí wọ́n bẹ́ orí rẹ nísinsìnyí ńkọ́?"

Lágbàyí kúnlẹ̀, ó na ọrùn. "A dúpẹ́, Kábíyèsí. Ẹ ṣeun." Ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń kán sórí ilẹ̀ ààfin.

Ọba wo omijé náà fún ìgbà pípẹ́. Ó dìde.

"Kábíyèsí," ni Ọ̀tún wí, "ọba kan kò gba àdúrà rẹ̀ padà rí nílùú yìí."

"Kò sí ọba tí àdúrà tirẹ̀ gbà tó báyìí rí," ni ọba wí. "Ẹ gbé bàtà mi wá."

Ní Ẹ̀bádò, gbogbo ìlú tò yí kànga ká, wọ́n ń kùn bí oyin. Ọba fúnra rẹ̀ ló fa omi. Ọdẹ́níyì sọ ohun tí obìnrin inú omi sọ fún un tẹ́lẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́. Ọba ní òun gbọ́. Ó gbé igbá sókè, ó wo ojú wọn káàkiri.

"Ohun tí ojú yín bá rí, kí ẹnu yín lè sọ ọ́," ló wí. "Mo ti gba tèmi padà." Kò sí ẹni tó lè ṣe àṣẹ. Ó mu ún tán.

Oyin náà dákẹ́. Láti inú ilé Ṣówándé, igbe kan sọ:

"Ìhà òsì mi! Yéè, ìhà òsì mi, abẹ́ egungun yìí! Ẹ̀yin ìkà, ẹ fẹ́ fi àgbo orí pa mí!"

"Ìkòkò àgbo ìhà!" Ìyá Alágbo ti ń sáré, aṣọ ń já bọ́ nídìí rẹ̀. "Ṣówándé, dá iná, ọ̀lẹ! Mo ti ń fẹ́ pè ọ́ ní ọ̀lẹ ọjọ́ ti pẹ́!"

Ìgbà náà ni ẹnu ìlú ṣí. Wọ́n sunkún fún òkú tí wọn kò tíì sunkún fún. Ọmọ ọwọ́ ké. Ọkọ bú ìyàwó, ìyàwó dá a padà. Ọba jókòó sórí òkúta ẹnu kànga nínú oòrùn, kò jẹ́ kí wọ́n ṣíji bò ó, wọ́n sì ń wá bá a níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní okùn kànga ti kúrú. Ẹrẹ̀ ń pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Àdúgbò òkè jìnnà sí i. Obìnrin kan wá, tí ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ ní ilẹ̀ gíga tí kò gùn. Kò kúnlẹ̀. Ó ní, "Àdúrà yín pa ọmọ mi."

Ọba la ẹnu. Ó ń wá ọ̀rọ̀ mìíràn, gbogbo ìlú rí i pé ó ń wá a. Ohun tó jáde ni, "A dúpẹ́."

Obìnrin náà wo omijé ojú rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀ tì í, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni ọba náà wà títí ó fi wàjà. Lágbàyí, tí ohùn rẹ̀ ti padà, ló ń bá a sọ̀rọ̀ ìlú. Gbogbo ìletò ló gba kànga, kò sì sí ẹni tó gbàdúrà kankan lé e lórí. Ọba kàn máa ń lọ jókòó tì í bí ọdún bá yípo, kí wọ́n wá sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó. Bí wọ́n bá bú u, á ní, "A dúpẹ́," lọ́jọ́ kejì wọn á rí òṣìṣẹ́. Àwẹ̀ró gbádùn. Nígbà tí bàbá rẹ̀ gbé ẹran lọ bá a, ó ní ẹran náà kéré, ó ní ó ti rùn, ó bi í pé níbo ló wà láti ọdún tó kọjá. Ọdẹ́níyì jókòó sórí àpótí, ó ní kó tún un wí.

Ọ̀rọ̀ mi dópin. Kí Ọlọ́run tó gbọ́ èyí tí a sọ àti èyí tí a gbé mì ṣọ́ wa títí dé ilé. Bí ẹ bá sì rí ibi tí ìtàn mi ti wọ́, ẹ má ì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ wí i. Mo ṣì jókòó.